Ọjọ́ tí Àkèekèe Jókòó Lé Mi Lórí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti àbúrò mi, ẹ rọra jókòó kí n ròyìn ìwà òmùgọ̀ tí mo hù fún yín. Orúkọ tí mo ti sá fún láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n pè é, mo sì dáhùn. Mo tún na ọwọ́ sókè!

Ní ibùdókọ̀ First Gate ni, níbi tí mo ti ń ra ìṣó. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi pé, "Panápaná!" Ẹnu mi yára ju ọpọlọ mi lọ. "Hòó!"

Ta ni Panápaná? Èmi náà ni o. Kí n tó dé Amuwo, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìta kan ní òdìkejì Èkó. A máa ń jà, a máa ń gba ohun tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi òkúta fọ́ gílóòbù àdúgbò kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ogun ni. Irọ́ o! Mo fẹ́ kí ibẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi tí mo bá ń sá lọ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣá ọ̀rẹ́ mi kan pa lójú mi, mo sá, mi ò sì dúró títí mo fi dé Kuje-Amuwo. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àga pálọ̀, tí mo fẹ́ ìyàwó, tí mo di ọ̀kan lára àwọn tó ń fi ìjókòó han èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi. Àpá èjìká mi ńkọ́? Mo ní ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú.

Ẹni tó pè mí ní First Gate, Àkèekèe ni, ọ̀gá wa nígbà yẹn. Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Panápaná! Wò ó bó o ṣe sanra! Alákijà ni mo kó wá báyìí o. Ṣọ́ọ̀bù ẹ dà?"

Ẹ wo èmi, mo júwe ṣọ́ọ̀bù fún un! Ẹ̀rù ló bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ti bà mí, òtítọ́ ló máa ń jáde lẹ́nu mi.

Láti ọjọ́ náà ló ti di àlejò mi. Á wá, á jókòó sórí àga oníbàárà, á ní kí n ra máàlátì tútù wá. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ó ní òun ní ẹrù kékeré kan, kí n bá òun rán an mọ́ inú fóòmù àga, kí òun lè gbé àga náà gba Badagry Road lọ. Mo bi í pé kí ló wà nínú ẹrù náà.

"Ìwọ ṣáà rán an."

Mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìyàwó mi mọ ibi tí mo ti gba àpá èjìká mi? Pásítọ̀ wa ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ bá ṣe? Tí mo bá rán an, mo ti padà sínú ẹgbẹ́ nìyẹn, torí òmíràn á tẹ̀lé e. Tí mi ò bá rán an, ilé mi dàrú. Kí n kó kúrò ládùúgbò? Kí ni màá sọ fún ìyàwó mi pé a ń sá fún? Bí kẹ̀kẹ́ Màrúwá bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá yọjú wò ó bóyá òun ló wà nínú rẹ̀. Mo dà bí eku inú páńpẹ́, iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Lọ́jọ́ tó dá fún mi, mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bọ̀, ó gbé báàgì dúdú kan dání. Ó yẹ kí n dúró bí ọkùnrin, àbí? Àga ẹlẹ́ni mẹ́ta kan wà nílẹ̀ tí mi ò tíì kan aṣọ sí abẹ́ rẹ̀. Mo gbé etí rẹ̀ kan sókè, mo rá wọ inú rẹ̀, mo jẹ́ kó padà bò mí. Ẹni tó ń fi ìjókòó han èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ikùn àga!

Àkèekèe wọlé. Ó pè mí, mi ò dáhùn. Mo ti kọ́gbọ́n. Ó wá wo gbogbo àga tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó. Sórí àga tí mo wà nínú rẹ̀! Àwọn rọ́bà tí mo fọwọ́ ara mi nà sábẹ́ fóòmù àga náà, gbogbo wọn tẹ̀ wá sí ẹ̀yìn mi. Ọkùnrin náà wúwo! Mi ò lè wúkọ́, agbára káká ni mo fi ń mí. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kó pẹ́. Ṣe ló na ẹsẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó mi, Ìyá Tómi, fi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé.

"Ẹ káàsán o, sà. Bàbá Tómi lẹ wá rí?"

"Ìyàwó wa! Dúró, jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó fẹ́ ẹ fún ẹ."

Ó sì tú gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́, ìjà, gílóòbù, àpá èjìká. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń mira lórí rọ́bà, èmi náà sì ń gba tèmi nísàlẹ̀. Mo ti ń ronú ibi tí màá kó ẹrù mi lọ.

Nígbà tó sinmi, ìyàwó mi ní, "Ṣé ó tán?"

"Kò tíì tó ẹ ni?"

"Ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi kí n tó gbà láti fẹ́ ẹ. Kódà, èyí tí màmá sọ gùn ju tiyín lọ. Mo kàn ń retí kí òun fúnra rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Ta lẹ tún fẹ́ sọ fún? Pásítọ̀? Nọ́ńbà wọn nìyí, ẹ jẹ́ kí n bá yín pè wọ́n. Kí wọ́n sì wá gbàdúrà sí báàgì yẹn."

Lẹ́yìn náà, Àkèekèe ní kò burú, òun á dúró de Panápaná, òun ò níbi tí òun ń lọ. Ó tún wá tẹ ìdí mọ́lẹ̀ dáadáa!

Ẹ jẹ́ kí n ti ibí sọ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, torí tí mo bá sọ ohun tí ìyàwó mi wí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Àṣírí tí mo fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn mi, òun náà ni okùn tí ọ̀tá fi dè mí. Èmi ni mo sì fi okùn náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ nílé kí ẹlòmíì tó bá yín sọ ọ́. Àkèekèe gbé báàgì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, kò sì yà sí Kuje mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, mi ò ní purọ́. Tí Màrúwá bá dúró, mo ṣì máa ń wo abẹ́ àga. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sá fún rí tó tún wá kan ilẹ̀kùn yín? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Màá kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà ni mo ṣe máa ń kàwé.

Ó ku ohun tó lé e lọ. Ṣé ẹ rí i, èmi ọlọ́gbọ́n, kí n tó wọ inú àga, mo ti bọ́ sálúbàtà mi síwájú rẹ̀, méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti ẹni tó fẹ́ gun bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi rí wọn. Ó gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, ó sún mọ́ Àkèekèe, kò sì gbóhùn sókè rárá.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kúrò lórí ọkọ mi."