Ọwọ́ Ògúnṣẹ̀yẹ Ló Bu Ọ́ìlì Náà

Kò sí ọkọ̀ tó ń rìn láti Òṣogbo dé Iléṣà tí etí Ògúnṣẹ̀yẹ kò dá mọ̀. Ẹ jẹ́ kó na ara sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó, kó di ojú méjèèjì, kí mọ́tò kan kàn wúkọ́ ní ìkóríta: yóò sọ fún yín pé púlọ́ọ̀gì kẹta ló ń sunkún, yóò sì dárúkọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti ń ṣe mẹkáníìkì. Kò wọ ilé ìwé rí. Àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìfábẹ̀lá ni ìwé rẹ̀. Yóò fi wọ́n ra ọ́ìlì tó ti dúdú, yóò gbé e símú, yóò tọ́ ọ wò, yóò tu ú dànù. Ẹjọ́ ti parí. Àwọn ọ̀gá ńlá ti fi agbádá dúró nínú oòrùn de ìdájọ́ yẹn.

Ọkọ̀ kan wà tó fẹ́ràn ju tirẹ̀ lọ. Píjò ògbólógbòó kan ni, ti Àlàájì Sàláúdéènì ọ̀rẹ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kọ́lé sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ògúnṣẹ̀yẹ fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ náà, kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Nígbà tí ọlọ́jọ́ ń bọ̀ wá bá Sàláúdéènì, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn onírin àlòkù o." Ògúnṣẹ̀yẹ ní, "Bí mo bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí Munawwarah, ọmọ olóògbé, gbé ọkọ̀ náà wá sí ọgbà, tó mú ìgò kékeré kan lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọmọbìnrin náà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti gbé mi lọ sí Iléṣà. Mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ Àlàájì lọ, kí n máa fi bọ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ẹ̀rù kí ni? Ẹ́ńjìnnì yẹn á sìnkú mi."

"Ọlọ́hun ò ní jẹ̀ẹ́. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn, Bàbá, tí wọ́n ń yẹ ọ́ìlì wò bí ẹní ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọn ò ní tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú. Tó bá dára, màá ná owó lé e lórí. Tí ò bá dára, ọkùnrin kan ti ń bẹ̀ wá láti Iléṣà pé ká tà á fún òun." Ó na ìgò náà sí i. "Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ ṣàn lọ, kí ẹ wá gbe ti àárín. Màá padà wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́."

Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, Bọ̀wálé tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà kan náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ kú oríire! Wọ́n ti rí dókítà o. Ẹ̀yin lẹ ó máa gbé ìtọ̀ aláìsàn lọ sí láàbù!"

Gbogbo ọgbà gbá ẹ̀rín yẹn mọ́ Ògúnṣẹ̀yẹ lórí. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí èéfín ṣe ń wọ aṣọ.

Bàbá tó bí i lọ́mọ máa ń sọ pé a kì í fẹnu ara wa sọ àrùn wa fún oníṣègùn tí a kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀. Ńṣe la ń jókòó síwájú rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ wá àrùn rí. Ògúnṣẹ̀yẹ ní bẹ́ẹ̀ náà lòun ó ṣe fún àwọn ará Ìbàdàn. Àgbá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó máa ń da ọ́ìlì kọ̀ndẹ́mù gbogbo ọkọ̀ sí, èyí tí àwọn onípákó ń rà lọ láti fi kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́. Kò tan ẹ́ńjìnnì Píjò rárá. Ó lọ sídìí àgbá, ó ri ìgò bọ̀ ọ́, ó nu ara ìgò mọ́, ó dé e. Ó ní bí wọ́n bá mọṣẹ́ lóòótọ́, wọn á ránṣẹ́ padà pé, "Bàbá, ọ́ìlì ọkọ̀ mélòó lẹ pò pọ̀ yìí?" Nígbà náà lòun ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, òun ó sì bu ti Píjò gan-an. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, òun àti Munawwarah á jọ fi wọ́n ṣe ẹ̀sín títí ọdún á fi yípo. Ó dà bí ẹni tó da ẹ̀jẹ̀ ogún ènìyàn sínú ìgò kan, tó ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe ẹnì kan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó gba ìgò náà lọ, Munawwarah gbé Píjò dé pẹ̀lú ìwé láti Ìbàdàn. Ó dúró láàárín ọgbà, ó ń kà á.

"Wọ́n ní omi wà nínú rẹ̀." Òjò ọjọ́ Ajé nìyẹn, Ògúnṣẹ̀yẹ rò ó lọ́kàn; àgbá náà ò ní ìdérí. "Wọ́n ní bàbà wà ńbẹ̀." Bẹ́ríìnì bọ́ọ̀sì tó kọlẹ̀ lọ́nà Òṣú. "Iyanrìn." Típà àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀. "Irin tó ti lọ̀ kúnná, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá." Ògúnṣẹ̀yẹ mọ ọlọ́kọ̀ tó ni àrùn kọ̀ọ̀kan. Ó lè kà wọ́n bí ẹní ń ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìwé ò parọ́ ẹyọ kan.

"Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì náà ti ń jẹ ara rẹ̀, Bàbá. Wọ́n ní kí n má gbé e rìnrìn àjò."

Kò bínú. Ojú àánú ló fi ń wo Ògúnṣẹ̀yẹ, bí ènìyàn ṣe ń wo arúgbó tó ṣìnà ilé. Bọ̀wálé ti dẹ́kun iṣẹ́, àwọn oníbàárà méjì sì na etí. Bó bá ní inú àgbá lòun ti bù ú, wọn á ní ẹlẹ́tàn ni. Bó bá dákẹ́, wọn á ní ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ó gbé ọkàn lé èkejì.

"Ìwé náà lè ṣàṣìṣe," ló rí sọ.

"Ẹ má dààmú, Bàbá. Ẹ ti ṣe é, ẹ kú ìtọ́jú." Ó wọ Píjò, ó wà á lọ. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún bí oyin.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ògúnṣẹ̀yẹ ò yọjú sí ilé Sàláúdéènì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ. Ibi tí ọkọ̀ máa ń wà ti ṣófo. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ nini, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan níbẹ̀.

Nọ́síràtù, opó Sàláúdéènì, jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ àkọ́bí Ògúnṣẹ̀yẹ ló fi ń pè é. "Bàbá Òkìkí, ọkùnrin Iléṣà yẹn ti wá gbé e ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Èmi ò kọ́kọ́ gbà o. Mo ní ìwé ò mọ ọkọ̀ Àlàájì. Mo wá bi ọmọ pé, ta ló bu ọ́ìlì yẹn? Ó ní ẹ̀yin ni, pé ọwọ́ yín lẹ fi bù ú. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ ọwọ́ Ògúnṣẹ̀yẹ ni, kí wọ́n máa gbé e lọ."

Ògúnṣẹ̀yẹ jókòó tì í. "Ìyá Munawwarah, inú àgbá ni mo ti bù ú."

Ó rò gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà ò pariwo. Ó ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́. Ó sunkún ọkọ̀ yẹn bíi pé bàbá rẹ̀ tún kú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún pàdánù ẹ̀yin náà."

Ògúnṣẹ̀yẹ ò padà sílé. Ó wọ ọkọ̀ Iléṣà, kó lè bẹ ọkùnrin náà pé kó ta Píjò padà. Wọ́n ní ọkùnrin náà, Ọmọ́tọ́ṣọ́, ti lọ sí ọgbà irin rẹ̀ ní Òṣú, ó bá a débẹ̀. Ara Píjò ti di wẹ́wẹ́ lórí òkìtì irin. Iná gáàsì ni wọ́n fi gé e. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn kan. Ẹ́ńjìnnì náà ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń kó kòkó láti oko, ó ń ṣiṣẹ́, kò wúkọ́, kò sì rú èéfín.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá," Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ahọ́n Ìjẹ̀ṣà kí i. "Ẹ̀yin náà wá wò ó? Gbogbo ènìyàn ló ń wá wò ó! Irin ni mo rà o, ẹ̀mí ni mo bá nínú rẹ̀. Mi ò lè tà á mọ́ láéláé."

Ògúnṣẹ̀yẹ sún mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù náà.

"Wọ́n ní ìwé kan ló sọ pé ó ti bàjẹ́," Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọn ò ní mẹkáníìkì ni?"

"Wọ́n ní ọ̀kan."

"Ẹ mọ̀ ọ́n? Olè ni àbí òmùgọ̀?"

Ògúnṣẹ̀yẹ ń wo ẹ́ńjìnnì náà. "Mo mọ̀ ọ́n," ló dáhùn.

"Ẹ bá mi kí i o! Ẹ ní Ọmọ́tọ́ṣọ́ dúpẹ́."

Ó ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó rìn jáde sí títì, ó ń dúró de ọkọ̀ Òṣogbo.