Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kejì wá sí ilé-ìwé wa ní Ìsẹ́yìn, lásìkò ìjọba ológun, mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá. Èmi ni mò ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì píríńsípà. Ti àkọ́kọ́ kò ní wàhálà: ki díìsì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, sọ ọjọ́ òní àti aago fún un, ó parí. Mo ti há a sórí bí ọmọ kéú ṣe ń há Fátíhà.

Àṣé wọ́n ti yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà nínú ti kejì. Ọkùnrin tó gbé tuntun wá láti Ìbàdàn ní, "Èyí kì í béèrè ọjọ́ mọ́ o, màdáámú. Orúkọ ẹni tó ni ín ló ń béèrè. Èyí tí ẹ bá kọ lónìí, òun náà lẹ ó máa kọ láràárọ̀ kó tó ṣí. Kò sí àtúnṣe." Bó ṣe sáré lọ kírun Jímọ̀ nìyẹn. Píríńsípà ti lọ ṣáájú. Ó wá ku èmi àti ẹ̀rọ.

Àbúrò ọkọ mi ni píríńsípà yìí. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ ni òun náà jẹ́ fún mi, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Orúkọ tí èmi fúnra mi fún un ni mo fi ń pè é nílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gbà mí síṣẹ́ ló ti kìlọ̀ fún mi.

"Ilé nilé, ọ́fíìsì lọ́ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé ìyàwó ilé wa ni yín, iṣẹ́ parí nìyẹn. Wọn ó ní ará ilé mi ni mò ń kó síṣẹ́."

Òun ló ni ọ́fíìsì, mo bá gbé ìka sókè láti kọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìka kọ̀. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò mọ ìyá ọkọ mi ni. Mo wọ̀tún, mo wòsì, mo kọ tilé. Ṣebí èmi náà ni n ó máa ṣí i, ta ni yóò mọ̀?

Ní ọjọ́ Ajé, àlejò mẹ́ta dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ láti wá wo ẹ̀rọ. Mo ti nawọ́ nígbà tí píríńsípà ní kí n dìde, òun ni yóò ṣí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó fi Àlàájì síwájú. Ó kọ̀. Ó to gbogbo oyè ìwé rẹ̀ sẹ́yìn, títí kan èyí tí kò tíì gbà tán. Ó kọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú àwọn àlejò ní bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò, àwọn yóò gbé e fún àwọn ará Ṣakí. Òógùn bo píríńsípà nínú ọyẹ́.

Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rọ lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ Eyínfúnjowó."

Tíṣà kankan kò rí eyín ọkùnrin yìí rí. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ sì ṣí. Ìyá àgbà tó wà nínú àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

"Háà! Orúkọ tí ìyàwó ilé ń sọni rèé! Ìyàwó ta ni?"

Mo ti ń fojú wá àpò mi. Píríńsípà kò wẹ̀yìn.

"Ìyàwó wa ni," ó ní. "Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí."