Oògùn Ọjọ́ Mẹ́fà

Ọdún kejì tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni ibà kan gbé mi dè ní Kábà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò mọ ẹni tó ń wọlé. Nígbà tí mo là á já, ará ilé dúpẹ́, wọ́n ní ó ti tán. Kò tán. Ibà lọ, agbára mi náà bá a lọ. Bí mo bá dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, orí tábìlì ni màá gbé orí lé. Bí mo bá fi tipátipá ṣiṣẹ́ lónìí, orí ẹní ni wọn yóò ti bá mi lọ́la àti lọ́túnla.

Ohun tó dùn mí jù ni àáró. Àwa márùn-ún la jọ ń kọ ebè: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Ọdún méjì ni wọ́n ti kọ ebè sí oko mi tí mi ò lè san án fún ẹnì kankan. Mo mọ̀ pé bí ó bá di ọdún kẹta, wọn yóò ní láti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú wọn a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀, ọkọ́ léjìká, á kí mi bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa:

"Okun o! Baálẹ̀ orí ẹní, ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Máa lọ bá ebè jà," èmi náà á ní, "jẹ́ kí n bá ẹní jà."

Ojú mi kì í rẹ́rìn-ín tó ẹnu mi.

Dókítà àgbàlagbà kan yẹ̀ mí wò títí. Kò rí ikọ́ ife, kò rí ìtọ̀ ṣúgà. Ó ní irú àárẹ̀ báyìí a máa tẹ̀lé ibà nígbà mìíràn, àwọn kan sì rò pé kòkòrò àìfojúrí tó sá pamọ́ sínú ara ló ń fà á. Oògùn kan wà tí wọ́n fi ń gbógun ti irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

"Ṣé yóò wò mí sàn?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn kan lò ó, wọ́n ní ara àwọn yá. Àwọn mìíràn lò ó, bí ẹni mu ẹfun ni. Ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí omi bá kéré lára. Ewu rẹ̀ ni mo mọ̀, èrè rẹ̀ ni kò dá mi lójú."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, Dókítà?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Èmi ò ní oko tó ń dúró dè mí."

Mo gbà á. Ọyẹ́ ti dé, omi kànga ń lọ sílẹ̀, síbẹ̀ ìyá mi ń pọn ìkòkò méjì kún láràárọ̀, á sì dúró tì mí. "Mu ún. Mu ún tán. Àbí èmi ni wọ́n ní kí n mu ún?"

Ní ọjọ́ kẹfà, mo jí, ara mi fúyẹ́. Mo gbé ọkọ́, mo lọ sí àáró. "Òkú orí ẹní jí o!" ni wọ́n ń pariwo. Òfin wa ni pé ẹni tó bá fi poro rẹ̀ sílẹ̀ lọ mumi kó tó kọ ọ́ dé òpin, òun ni yóò ru ọkọ́ gbogbo wa délé. Ìtìjú ọdún méjì wà lára mi, mi ò fẹ́ ru ọkọ́ ẹnikẹ́ni. Poro kan di méjì, ó di mẹ́ta. Mi ò mu omi.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀yìn ti ń ro mí bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún. Ìtọ̀ mi kéré, ó dúdú bí omi èèpo igi. Dókítà dá oògùn dúró, ó fa omi sí mi lára. Ó bá mi wí, ó bá ara rẹ̀ náà wí. Kíndìnrín mi yè é, ṣùgbọ́n mo fi oṣù kan àbọ̀ dùbúlẹ̀ nítorí ebè ọjọ́ kan.

"A lè tún un bẹ̀rẹ̀," ó wí nígbà tí mo dìde, "pẹ̀lú omi, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, láìsí ọkọ́. Bóyá òun ló gbé ọ dìde lọ́jọ́ kẹfà yẹn, bóyá ìrètí ni. Mi ò lè sọ. Ìwọ ni kó o yàn."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò ó. Mo ti la ibà já, mo ti la ebè já. Ẹ̀rù ẹlẹ́ẹ̀kẹta bà mí. Mo dá oògùn tó kù padà. Ìyá mi gbé ìkòkò kejì, ó da omi rẹ̀ sídìí ata. 

Mo wá lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú wa kí ó yọ mí kúrò nínú àáró. Ó bi mí pé:

"Ta ni yóò wá gé èèbù iṣu?"

"Èèbù kẹ̀?"

"Ìgbà gbígbìn ti dé. Jókòó sábẹ́ mángòrò, kó o gé èèbù oko márààrún. Àáró tìrẹ nìyẹn."

"Kó má gé e kéékèèké o," ni ọ̀rẹ́ mi ń wí lẹ́yìn. "Ọwọ́ akọ̀wé ni!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó lọ́dún náà, ọ̀bẹ lọ́wọ́, eérú nínú igbá tí mo fi ń pa ojú èèbù. Bó bá rẹ̀ mí, màá fẹ̀yìn ti igi. Agbára mi padà díẹ̀díẹ̀, kò padà tán títí dòní, mo sì ṣì ń bi ara mi bóyá inú oògùn tí mo dá padà ni ìyókù rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé báyìí, ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ oko: "Akọ̀wé! Èèbù ti tán níbí o!"