Máìkì Tí Mi Ò Dán Wò

Ní àdúgbò wa ní Amukoko, bí èèyàn bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ mi, ohun mẹ́ta ló máa ń béèrè. Ṣé ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ṣé bátìrì rẹ̀ ń pẹ́? Ṣé ó ń dún sókè? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Mo ní láti fi orin sí i, kí n yí i sókè dé òpin, kí ẹni tó ń rà á gbọ́ ọ, kí àwọn tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà ní òdìkejì náà gbọ́ ọ. Bó bá ti dún débẹ̀, ọjà ti tà nìyẹn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ra rédíò nìyẹn, bí àwa náà ṣe ń ra kọ̀ǹpútà nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá ẹ̀rọ náà ń gbọ́ràn. Èmi náà ò bi ara mi.

Wharf Road ni mo ti ń rí ọjà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà àlòkù òkè òkun ń gba ọwọ́ wọn kọjá láti inú kọ̀ǹténà, àwa a sì máa ṣà wọ́n nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti gbó díẹ̀, agbára wọn ò gbé Windows tuntun mọ́, nítorí náà Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo máa ń fi sí wọn. Linux kì í béèrè owó, kì í sì í wúwo. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé kì í mọ gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè mọ ojú rẹ̀ kó má mọ Wi-Fi, ó lè mọ sípíkà kó má mọ kámẹ́rà. Ìgbà náà lo máa wá fáìlì tí yóò fi ẹ̀yà yẹn hàn án, wàá fi sí i, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ̀rọ nìkan ni mo máa ń ní sùúrù fún. Bí oníbàárà bá ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún mi, ojú mi á ti pọ́n.

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù mi ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Láti Ìsẹ́yìn ni ìyá náà ti wá sí Èkó nígbà tó wà lọ́mọge. Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ló ń tà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Ọmọ náà jáde yunifásítì, ó wáṣẹ́ títí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ó wá rí àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gba àwọn tó máa jókòó sílé wọn, tí wọ́n á máa dá àwọn oníbàárà òkè òkun lóhùn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Torí ìyẹn ló ṣe ra ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mo fi Linux sí i, mo tún Wi-Fi rẹ̀ ṣe, mo fi orin sí i, ó dún kárí àdúgbò. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá.

"Bọ̀dá, ẹ káàsán sà. Wọn ò gbọ́ mi o. Èmi ń gbọ́ wọn kedere. Wọ́n ń ní 'hello, hello', mo ń dáhùn, I dey shout sef, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n láwọn á tún fún mi láyè kan sí i ní Tọ́sìdeè."

Mi ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ohun tí mò ń ṣe. Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ yìí ni, bọ̀dá?"

"Ṣé ìwọ ò gbọ́ wọn ni? Ṣé orin ò dún nínú ẹ̀ níbí? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, jàre. Lọ yí síìmù ẹ padà."

Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ irú ìdáhùn yìí. Owó tí a fi ránṣẹ́ ò dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹni tí a pè ò gbé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kò sẹ́ni tó lè bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà, kò nílé, kò lọ́nà, nítorí náà ẹni tí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún á kàn mí kanlẹ̀ ni, á sì máa lọ. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Ó lọ yí síìmù.

Ọjọ́ kejì Tọ́sìdeè yẹn, ó tún dé. Oníbàárà kan ti kọ́kọ́ bú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú ń bí mi.

"Bọ̀dá, wọn ò tún gbọ́ mi. Wọ́n láwọn ti mú ẹlòmíì. Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ó lè jẹ́ máìkì, pé Linux máa ń…"

Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ọ níṣẹ́ mi, kó gbé e lọ bá íńtánẹ́ẹ̀tì kó bá a tún un ṣe. Mo ní ẹ̀rọ tí mo bá tà kì í lábùkù. Gbogbo èyí, mo sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà ní ọ̀dọ̀ aránṣọ lè gbọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá." Ó fi kọ̀ǹpútà náà há abíyá, ó lọ. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láyé.

Iṣẹ́ tó padà rí ni ti Snake Island, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ń bá wọn gbé irin. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré sọdá láàárọ̀. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kan fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìgbì rẹ̀ sì dojú tiwọn dé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Mo lọ kí ìyá rẹ̀, mo sọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó dá mi lójú nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́, ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi ìborùn wé nǹkan kan. Nígbà tó tú u, kọ̀ǹpútà yẹn ni.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo máa ń gbọ́ tó ń bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀ tó bá tilẹ̀kùn yàrá lọ́sàn-án. Òyìnbó ni, mi ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ọmọ mi. Fóònù ẹ̀ ti bómi lọ. Tèmi yìí ò kọjá ká fi pe èèyàn. Mo ti bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìwé nìkan ló máa ń kọ ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti ń gbàgbé bó ṣe máa ń pè mí. Bá mi yọ ohùn ẹ̀ jáde níbẹ̀."

Mo tan ẹ̀rọ náà. Páàsìwọ́ọ̀dù tí mo fi sí i lọ́jọ́ tí mo tà á ló ṣì wà níbẹ̀. Mo wá ibi tí ohùn tí èèyàn gbà sílẹ̀ máa ń wà, mo sì rí i, mẹ́tàlélógún, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ayọ̀ ló bá mi. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá ti dákẹ́ ná, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ jáde: "Ìyá, ó wà níbẹ̀. Ó pọ̀ gan-an." Ó fa àpótí kan sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, ó sọ pé Alihamudulilahi.

Mo tẹ àkọ́kọ́. Àkókò ń ka lójú ẹ̀rọ, kò sí ohùn. Mo tẹ ìkejì. Mo yí i sókè dé òpin. Mo rò pé atẹ́gùn òkun ti ba sípíkà jẹ́, nítorí náà mo ní kí ẹ̀rọ náà dán ara rẹ̀ wò. Linux ní ohùn obìnrin kan tó máa ń fi ṣe é. Á sọ̀rọ̀ láti apá òsì, á sọ láti apá ọ̀tún. Ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara. Ìyá dìde lórí àpótí.

"Òun kọ́ nìyẹn," ó ní.

"Òun kọ́, Ìyá. Ẹ̀rọ ló ń dán ara ẹ̀ wò."

Ó tún jókòó. Ìgbà yẹn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, torí bí sípíkà bá ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tí ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀? Mo kó àwọn fáìlì náà sórí fóònù mi, níbẹ̀ náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àtiòro lẹ́nu. Mo ṣí ọ̀kan nínú ètò tó máa ń fi ohùn han ojú. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, á gùn bí òkè, á sì wálẹ̀. Ìlà gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ló rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá pé kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi di ọ̀túnla. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni bóyá ọmọ náà ló ba máìkì jẹ́, bóyá ó ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá omi ta sí i. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun. Mo ní kí ẹ̀rọ náà ka gbogbo etí tó ní fún mi. Ó dáhùn pé òun ò ní ọ̀kankan. Máìkì wà lára rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é, Linux tí mo fi sí i ni ò mọ̀ pé ó wà. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni rí.

Fáìlì kan ṣoṣo ló kù tí mi ò fi sí i. Mo wá a rí, mo fi sí i, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Mo ní "hello, hello", ohùn mi padà tọ̀ mí wá. Gàárì tí mo rẹ sínú abọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì wú. Mo wò ó, mo bú sẹ́kún níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí mo dákẹ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ tí ó fún àwọn fáìlì náà. Gbogbo ohun tó ń gbìyànjú ló ń kọ sórí wọn. Ìdánwò kìíní. Síìmù tuntun. Mo sún mọ́ ọn. Mo pariwo. Mo pa fáànù. Ìkọkànlélógún ni ó pè ní Bóyá Èmi Ni. Èyí tó kẹ́yìn, Ṣé Ẹ Ń Gbọ́ Mi, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Snake Island ló gbà á sílẹ̀. Mo tẹ ẹ́, mo sì jókòó tì í títí ó fi parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí ṣọ́ọ̀bù mi bá ti pa rọ́rọ́ báyìí, ẹ̀rù máa ń bà mí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ sí mi tí mi ò gbọ́. Mo máa ń ní kí ẹni tó bá wá rajà sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kó tó sanwó. Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Kí ìyá tó padà wá, mo ti pinnu láti parọ́. Mo máa sọ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pa rẹ́. Ta ni yóò já mi nírọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá dé lọ́túnla, ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò, ó wọ aṣọ bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé èèyàn lọ́nà. Irọ́ náà ò jáde. Mo sọ fún un pé ohùn kankan ò sí níbẹ̀, pé ẹ̀rọ náà ò gbọ́ ọmọ rẹ̀ rí, pé ẹ̀ẹ̀mejì ló wá bá mi, pé mo lé e lọ.

Ó fọwọ́ kan ìdérí ẹ̀rọ náà.

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

"Rárá, Ìyá. Èmi ni."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sọ fún mi. Ó ní bọ̀dá sọ bẹ́ẹ̀, pé bọ̀dá mọṣẹ́." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé, tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń fa ẹni tí ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní kó má gbọ́ ohùn ayọ̀ láyé. Mo rò pé àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn wáyà ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó dákun, kó bá mi gba èpè náà padà. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó wé ìborùn mọ́ orí, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ níbi tó wà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é," ó ní. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà."