Ọjọ́ tí Wọ́n Pa Ayùn Nítorí Àna Mi

Ilé wa ní Òkè-Sopẹn kọjú sí sọ́míìlì, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ agbégi a máa tò láti ẹnu ọ̀nà wọn títí dé ojú títì, igi kan ṣoṣo a sì kún ọkọ̀ kan. Ní báyìí, igi ńlá ti tán nítòsí. Èyí tí wọ́n ń kó wá ò ju itan àgbàlagbà lọ, ayùn tó ń ṣiṣẹ́ ò sì pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, ariwo èyí tó kù tó àdúgbò kan.

Bàbá mi ni ọ̀gá nídìí ayùn ńlá. Bí o kò bá lọgun, ẹni tó jókòó tì ọ́ kò ní gbọ́. A ń lọgun kíni, a ń lọgun dúpẹ́, ìyá mi a tilẹ̀ máa lọgun ṣàdúà. Bí ayùn bá dákẹ́ pàápàá, ẹnu wa kì í mọ̀.

Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ Abigi lẹ́bàá omi. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ohùn a máa rìn jìnnà lórí omi, ẹja a sì máa sá fún ariwo, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbóhùn sókè lọ́dọ̀ wọn, ìjà ló ń wá. Kò sẹ́ni tó mọ èyí nílé wa.

Nígbà tí ìdílé ọkọ mi ní àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá mi bẹ ẹni tó ni sọ́míìlì pé kí wọ́n pa gbogbo ayùn lọ́jọ́ náà, kí àna lè jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yẹ ńlá ni, wọn ò ṣe irú rẹ̀ fún ọba rí. Àdúgbò parọ́rọ́. Àwọn àlejò wọlé, bàbá mi dìde, ó fi gbogbo ọ̀fun bú jáde:

"Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ wọ ulé! Ẹ jókòó!"

Bàbá ọkọ mi fà sẹ́yìn. Ìyá mi náà lọgun bi wọ́n pé kí ni wọ́n á mu. Wọn ò fẹnu kan omi. Bàbá náà rọra ní àwọn á padà wá, wọ́n sì lọ. Nírọ̀lẹ́, àfẹ́sọ́nà mi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá mi ní ẹ lé àwọn jáde nílé yín. Wọ́n ní kí n wá ìyàwó níbòmíràn."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi kọ̀, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo pa ayùn nítorí wọn! Kí ló tún kù?" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tèmi wọ́, àgbà méjì ló sì wà níbẹ̀. Inú wọn bí mi.

Àfẹ́sọ́nà mi bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi gbà láti padà wá, lọ́jọ́ iṣẹ́. Bàbá mi fi ayùn lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ó wá sílé, ó kí i bó ṣe máa ń kíni. Ẹnu ń mì, ṣùgbọ́n etí àlejò kò tíì mọ́ ariwo ayùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Àlejò sún mọ́ ọn, kò gbọ́ síbẹ̀. Ó wo ìta, níbi tí ayùn ti ń ké, ó wo ọrùn bàbá mi tí iṣan ti le, ó sì mi orí. Ó yé e pé lílọgun wa kì í ṣe ìjà. Òun náà fèsì, ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. Ni apẹja bá dìde, ó fi ọwọ́ di etí ara rẹ̀ méjèèjì, ó la ẹnu:

"Ọmọ yín la wá tọrọ!"

Àfi bí iná ṣe lọ. Ayùn kú, ohùn rẹ̀ nìkan ló gba àdúgbò kan. Kí bàbá mi tó fèsì, àwọn tó wà nídìí ayùn ti dáhùn láti òdìkejì:

"A ti fún yín o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi la ẹnu láti lọgun, ẹkún ò jẹ́. Ó di ọwọ́ àna rẹ̀ mú, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."