Ọjọ́ Tí Ọláògún So Okùn Mọ́ Ọkọ̀ Iyanrìn

Èmi Súbérù, èbúté Ìkòròdú ni mo dàgbà sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Rédíò ló kọ́ mi ní ìyókù. Èmi ni mò ń darí ọkọ̀ ìlú wa níbi eré ọkọ̀ ojú omi l'Ẹ̀pẹ́, kí Ọláògún, atukọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, tó gba àjẹ̀ ìdarí lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì dárí jì í o.

Kí ni mo ṣe? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2007, rédíò sọ pé ọkọ̀ òfúrufú kan tó ń lọ sí Plútò, ayé kékeré kan tó jìnnà réré lójú sánmà, gba ẹ̀gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá Júpítà kọjá, eré ẹ̀ sì le sí i láìjẹ́ pé ó jó epo sí i. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Bíi tiwa náà ni, tá a bá fi okùn kọ́ ọkọ̀ iyanrìn tó ń kọjá, tó fà wá, tá a wá jù ú sílẹ̀. Júpítà ò ní okùn ni. Òòfà ara ẹ̀ ló fi ń fà."

Ọláògún, tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ, bú sẹ́rìn-ín níwájú gbogbo èbúté. "Bàbá Júpítà! Ẹ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wèrè yìí, kó tó tù wá dọ́run!"

Baba Adéyọ̀sí, olórí àwa atukọ̀, gbà á lóòótọ́, ó gbé e fún Ọláògún. Mùsílímátù ìyàwó mi gan-an ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ẹ̀gàn náà mì. Nígbà tí eré ọdún kejì súnmọ́lé, mo ní kí èmi àti Ọláògún fi ọkọ̀ kékeré díje dé òpó ojú ọ̀sà, kí ẹni tó bá ṣáájú gba àjẹ̀. "Mú okùn dání. Bó o bá fẹ́, kọ́ ọkọ̀ ńlá."

"Júpítà ẹ náà ni màá fi nà ẹ́!"

Ọkọ̀ iyanrìn méjì ló wà lójú omi: ọ̀kan ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ọ̀kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọláògún forí lé èyí tó dúró, torí ó rọrùn láti kọ́. Mo rí i. Eré tí pílánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ń sá ni ọkọ̀ òfúrufú ń bù díẹ̀ nínú ẹ̀. Èyí tó bá dúró, ojú ọ̀nà ẹni tó kọ́ ọ lásán ló máa yí padà. Mo mọ̀. Mo panu mọ́.

Okùn Ọláògún le, ọkọ̀ ẹ̀ yí bírí, imú ẹ̀ dojú kọ èbúté padà. Ẹ̀rín sọ! Èmi kọ́ èyí tó ń lọ, ó fà mí, mo jù ú sílẹ̀, mo ré òpó kọjá.

Baba Adéyọ̀sí gbé àjẹ̀ fún mi. Ọláògún rọra súnmọ́ mi. "Bùọ̀dá Súbérù, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé èyí tó ń rìn ni?"

"Wèrè kì í kọ́ ọlọ́gbọ́n, àbúrò. Lọ bi Júpítà."