Ilé Onítáyà Màmá Nọ́ọ̀sì

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi ọkọ̀ fa ilé kan gba ojú pópó Ìlaró kọjá, tí àwọn èèyàn pa iṣẹ́ ọwọ́ wọn tì láti wò ó. Ilé funfun ni, ó ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí táyà ló jókòó sí. Ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́, ó gba Kútọnu wọlé. Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, àmọ́ ara wọn kò gba ìjókòó. Wọ́n ní àwọn yóò máa gbé ilé náà lọ sí Afọ̀n, Ọjà-Ọ̀dàn àti Ajílété lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn aláboyún lè rí ẹni yẹ̀ wọ́n wò láì gun ọ̀kadà lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Bàbá, ọkọ wọn, tó fi ìgbà ọ̀dọ́ wọn wa ọkọ̀ agbégẹdú, ni yóò máa fi jíìpù fà á.

Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá tún iná rẹ̀ ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni, mo sì jẹ́ obìnrin, nítorí náà mo ti pinnu láti fi han gbogbo ayé pé kò sí wáyà tí mi ò lè tú. Mo kọ ‘Ọ̀gá Ríwáyà’ gàdàgbà sára pátákó, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kò ju agboòrùn ńlá kan àti bẹ́ǹṣì lọ.

Bíréèkì ilé náà kì í lo epo bíi ti ọkọ̀ wa. Iná ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì jíìpù, iná á gba inú wáyà lọ bá òòfà tó wà nídìí táyà ilé náà, òòfà á sì mú táyà dúró. Mo so wáyà jíìpù mọ́ ti ilé, mo pààrọ̀ gílóòbù tó ti kú, mo ní kí Bàbá tẹ bíréèkì nínú ọgbà. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo gbọn ọwọ́ mi, mo ní, “Ó parí.”

Kò parí. Lọ́jọ́ kejì a gbé e jáde láti dán an wò, Bàbá nídìí ọkọ̀, èmi àti Màmá lẹ́yìn. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn, Bàbá tẹ bíréèkì. Jíìpù fẹ́ dúró, ilé kọ̀. Ó ń tì wá bí àgbò tí inú ń bí. “Ẹ di nǹkan mú o!” ni Bàbá pariwo. Màmá dì mí mú, èmi náà di Màmá mú. Bàbá yí ọkọ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́ kan, àárín ebè la dúró sí. Àgbẹ̀ tó ni oko yọ sí wa, ó wo jíìpù, ó wo ilé, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ibí lẹ fẹ́ máa gbé ni?”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín rárá.

“Nọ́ọ̀sì, látìgbà tí mo ti ń wa gẹdú, ẹrù kò tì mí wọ oko rí. Mi ò fa ilé yìí mọ́.”

“Bàbá, mo ti sọ fún àwọn obìnrin Afọ̀n pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.”

“Kí o tún ránṣẹ́ sí wọn pé o ò bọ̀ mọ́.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà títí a fi délé. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Mo wọ abẹ́ ilé náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibẹ̀ ni mò ń gbé. Mo tú táyà, mo nu òòfà, mo pààrọ̀ wáyà bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú ọgbà, á ṣiṣẹ́. Bí mo bá bẹ Bàbá tí wọ́n fà á dé ojú kòtò ẹnu géètì, á kọ̀. Mo fura sí òòfà, mo fura sí jíìpù, mo tiẹ̀ fura sí ẹsẹ̀ Bàbá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi láṣọ iṣẹ́ tuntun lóòótọ́. Àkísà ni mi ò tíì ní.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ ohun tó là mí lójú. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi káṣú, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò wò mí. “Ríwáyà, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Lọ́jọ́ tí ilé yẹn ń tì mí, mo wo díńgí. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì báyìí, gbogbo iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló tàn bàìbàì, mi ò sì tan ìkankan nínú wọn.”

Màmá, tó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́nu ọ̀nà ilé onítáyà, dá sí i. “Á jẹ́ pé iná náà ń rí ọ̀nà lọ ni, kò rí ọ̀nà padà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde nínú ọkàn, dandan ni kó padà síbẹ̀. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò máa gbà.”

Mo dìde lójijì, orí mi sì lu abẹ́ ilé náà gbì. Ẹ́ẹ̀tì! Ìyẹn ni wáyà tó ń dá iná padà sínú ọkọ̀. Mo ti pààrọ̀ èyí tó ń gbé iná lọ, mi ò bẹ èyí tó ń dá a padà wò. Mo tọ wáyà funfun náà láti ẹnu púlọ́ọ̀gì dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ irin ìdí ilé. Iyọ̀ òkun ti jẹ bóòtù náà, ó ti dípẹtà; bí mo ṣe fọwọ́ kan wáyà, ó já bí òwú tó ti gbó. Nínú ọgbà, irin tí a fi kọ́ ilé mọ́ jíìpù ló ń bá a dá iná padà. Bó bá dé ojú kòtò tí irin ń fò, ọ̀nà á já, iná tó yẹ kó mú táyà á wá máa wọ inú gílóòbù lọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Mo fi sáńpépà ha irin náà títí ó fi ń dán, mo so wáyà tuntun tó nípọn, mo sì fi gíríìsì bò ó.

Mo sọ fún Bàbá pé ó ti dáa, wọ́n ní àwọn ò fà á lọ Afọ̀n síbẹ̀. Àmọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà Afọ̀n, Màmá wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn jíìpù, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Bàbá wò wọ́n títí. “Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe obìnrin yìí?” Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́. “Ríwáyà, iwájú ni kó o jókòó sí. Bó bá fẹ́ tì wá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ rí oko.”

Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ kọ́kọ́ yà sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni, kí a tó kọjú sí Afọ̀n. Mo gba àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ti mọ́ṣáláṣí kún un. Bàbá tẹ bíréèkì. Ilé náà fà wá sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ìyá tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú létí títì, a sì dúró gan-an láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bàbá gbéra, wọ́n tún un tẹ̀; wọ́n gbéra, wọ́n tún un tẹ̀, inú wọn ń dùn bí ọmọdé.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé o rí i?”

“Mo rí i, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àwọn èèyàn ń dúró.”

Wọ́n ń dúró lóòótọ́. Ní Afọ̀n, àwọn aláboyún ti kún abẹ́ igi kí a tó dé. Ìyàwó àgbẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ oyún rẹ̀ wò ló kọ́kọ́ wọlé. Màmá gbọ́ inú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n pè mí, wọ́n sì fi ohun ìgbọ́ràn náà sí mi létí. Ọkàn ọmọ náà ń sáré kìkìkì. Ìyá rẹ̀ ń wo ojú mi láti mọ ohun tí mo gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń mi orí sí i.

Ayétòrò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí. Inú ilé onítáyà yẹn ni Màmá ti yẹ oyún tèmi náà wò. Bàbá ti dàgbà kọjá ìwakọ̀, àbúrò wọn ló ń fà á. Mo máa ń rò ó pé ká ní wọ́n pa ilé náà tì sínú oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ta ni ìbá dá wọn lẹ́bi? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, mo sì dúró wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

“Mo juwọ́ sí ọ títí, o ò dá mi lóhùn,” ni Màmá wí.

“Ẹ má bínú, Màmá. Iná bíréèkì yín ni mò ń wò.”

“Ṣé ó tàn?”

Mo ní ó tàn, méjèèjì.